Òkúta Tí Mo Rì sí Ìdí Kànga

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mo padà lọ wo òkúta náà, bóyá sìmẹ́ǹtì ìdí rẹ̀ ti gan, n kò bá ẹnikẹ́ni ní ìdí kànga. Àkókò tí ariwo obìnrin àti ti garawa kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀ níbẹ̀ ni. Okùn ìfami wà lára igi tí wọ́n máa ń so ó mọ́, ó gbẹ. Òkúta mi dúró ṣánṣán, ó ń dán nínú oòrùn. Mo fọwọ́ tì í, kò mì. Inú mi dùn. Mo rò pé àwọn obìnrin ti lọ sí oko ni.

Àṣé wọ́n ti sá fún mi.

Èmi ni mo ń ṣe òkúta ìrántí ní agbègbè wa, láti Ìlọrà dé Fìdítì, títí kan Ìwàré. Mo máa ń ṣe òkúta ìpìlẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Mo máa ń ṣe èyí tí a ń rì sí ibi tí nǹkan ìgbà láéláé ti ṣẹlẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀. Ṣùgbọ́n òkúta orí sàréè ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, òun náà ni wọ́n sì fi mọ̀ mí. Onísàréè ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Àwọn mìíràn ń pè é lójú mi. Bí mo bá gun ọ̀kadà kọjá tí wọ́n rí tépù ìwọ̀n lọ́wọ́ mi, ìyá kan á ké láti inú ilé pé, "Bàbá Ayọ̀, ilé ta lẹ ń lọ o?" Bí mo bá ní ọjà ni mò ń lọ, á ní, "Ọlọ́run ṣeun."

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́, ní ẹ̀bá adágún omi Ẹlẹ́yẹlé. Ọ̀gá mi jẹ́ bàbá kúkúrú kan tó máa ń fa fìlà bo ojú nígbà tó bá ń ronú. Òkúta rẹ̀ wà káàkiri ìlú ńlá náà: ibi tí ọjà kan ti ṣí kúrò, ẹsẹ̀ òkè tí àwọn jagunjagun ti sinmi, ilé tí wọ́n ti kọ́kọ́ gba àlejò òyìnbó. Bí iṣẹ́ bá dẹ̀, ó máa ń kó wa lẹ́yìn pẹ̀lú garawa àti búrọ́ọ̀ṣì, a ó máa lọ láti ibì kan dé ibì kan, a ó máa fọ àwọn òkúta náà. Ó ní oníṣẹ́ tí kì í padà lọ wo iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó bí ọmọ tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ni. Bí a bá ń fọ wọ́n, àwọn ènìyàn á dúró kà á. Àwọn tó ti ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ á ní, "Háà, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?" Ọ̀gá mi á rẹ́rìn-ín sínú fìlà.

N kò mọ̀wé nígbà náà. Oko ni mo ti dàgbà, bàbá mi kò lágbára ilé ìwé. Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé a ó gé lẹ́tà láti ara pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó tò wọ́n sí ìsàlẹ̀ àpótí pákó, a ó wá da sìmẹ́ǹtì funfun tí a ti pò mọ́ èérún òkúta lé wọn lórí. Bó bá gan, a ó tú àpótí, a ó hú lẹ́tà pákó kúrò, àwòrán wọn á wà nínú òkúta. Nítorí náà, òdì ni a máa ń to ọ̀rọ̀, láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó mọ̀wé máa ń ṣì í, ojú wọn ń fẹ́ kà á. Èmi kì í ṣì í, nítorí iwájú àti ẹ̀yìn kò yàtọ̀ lójú mi. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé àgbà ní ìrọ̀lẹ́, tí mo ti ní irùngbọ̀n, tí mo kọ́ bí a ṣe ń kàwé, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì í. Ọ̀gá mi ní, "Ìwé ti ba ọmọ yìí jẹ́ fún mi." Síbẹ̀, òun ló ra sílétì àkọ́kọ́ fún mi.

Mo padà wá sílé, mo fẹ́ ìyàwó, a bí Ayọ̀. Ìyá Ayọ̀ ti ṣaláìsí. Èmi ni mo ṣe òkúta rẹ̀. Iṣẹ́ rere ni.

Ọ̀rọ̀ òkúta ìdí kànga bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ ìlú yan ìgbìmọ̀ kan pé kí wọ́n sàmì sí àwọn ibi àtijọ́ ní Ìlọrà. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n fi ṣe alága. Tíṣà Àgbà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti gbé ní Ìbàdàn rí, ó sì fẹ́ràn àwọn òkúta ibẹ̀. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lórí àpò sìmẹ́ǹtì.

"Bàbá Ayọ̀, tí o bá rìn létí omi Ẹlẹ́yẹlé, ṣé o lè kọjá láì mọ̀ pé ìlú náà ní bàbá?"

"Rárá, sà."

"Àwa ńkọ́? Ṣé àná la já bọ́ láti ojú ọ̀run ni?"

Mo ní àná kọ́. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

A kọ́kọ́ ri ọ̀kan sí ìdí igi máńgòrò tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé kí ìlú tó ní yàrá ìkàwé. Ìyẹn kò mú wàhálà wá, àyàfi pé àwọn ewúrẹ́ fẹ́ràn láti máa fi ìwo gbo ó. A ri ọ̀kan sí ibi tí ẹnu odi ìlú wà láyé ogun. Bàbá kan níbẹ̀ fẹ́ kí a fi orúkọ òun sí i pé òun ló fi ibẹ̀ hàn wá. Tíṣà Àgbà ní, "Bàbá, orúkọ yín ń bọ̀ lórí òkúta, ẹ má kánjú." Bàbá náà ronú díẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ti kànga. Òǹgbẹ-kò-dé ni orúkọ rẹ̀. Inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ wọ̀, láyé tí ìlú kò tíì fẹ̀, omi rẹ̀ kì í sì í gbẹ nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn àgbà ní omi rẹ̀ ló mú kí àwọn bàbá wa dúró sí apá ibẹ̀. Fún òun ni mo ṣe òkúta tó dára jù lọ tí mo ti fi ọwọ́ mi ṣe. Ó ga, orí rẹ̀ rí roboto. Mo fi ìṣù amọ̀ ya àwòrán ìkòkò omi sí ibi orí rẹ̀ nínú àpótí kí n tó da sìmẹ́ǹtì, mo tún un yà títí ọrùn ìkòkò náà fi rí bí ọrùn ìkòkò gidi. Tíṣà Àgbà ló kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀: KÀNGA ÒǸGBẸ-KÒ-DÉ. ÀWỌN BÀBÁ WA GBẸ́ Ẹ. ÀWA Ń MU ÚN. Mo fi omi àti òkúta ìfọ̀ dán an títí ó fi ń mú ojú ṣẹ́jú. Ní ọjọ́ Sátidé a rì í, ìlú pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò.

Ní ọjọ́ Ajé yẹn kan náà, bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù láti ìdí kànga, ìyá kan ti ń dúró dè mí. Ìyá Ológì ni. Agboolé tí kànga wà ló ń gbé, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ gan-an ni kànga náà wà. Ògì ló fi tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀, òun ló sì ń fi bọ́ ara rẹ̀ títí di òní.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Mi ò jí ire. Onísàréè, ta lo sin sí ìdí kànga wa?"

"A ò sin ẹnikẹ́ni, mà. Òkúta ìrántí ni."

"Ìrántí ta?"

"Ti kànga náà."

"Kànga náà kú ni?"

Mo fa àpótí kan sún mọ́ ọn.

Ó jókòó. Ó ní láti ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé Onísàréè ti ri òkúta sí ìdí kànga, pé ó ní ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan ní bàbá kan tó kú sí ìdálẹ̀ ni wọ́n gbé wá sin síbẹ̀ láàjìn. Ẹlòmíràn ní eegun àwọn tó gbẹ́ kànga ni. Láàárọ̀, ìyàwó kékeré kan tó ti ń ra ògì lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà àkọ́bí rẹ̀ gbé abọ́ dání, ó bèèrè pé, "Mà, omi wo lẹ fi sẹ́ ẹ?"

"Omi wo!" Ìyá Ológì na ọwọ́ sí mi. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń sẹ́ ògì, wọ́n ti bi mí pé ó kan jù, wọ́n ti bi mí pé kò kan tó. Kò sẹ́ni tó bi mí ní omi wo rí. Ògì àná ṣì wà nílẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ni kí n máa fún ni?"

Ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè rò pé a ń bẹ̀rù sàréè. A kò bẹ̀rù rẹ̀. Nínú agboolé la ń sin àwọn bàbá wa sí. Àwọn ọmọdé ń ṣeré lórí wọn, a sì ń sá láfún àti ata lórí wọn bí oòrùn bá mú. Mo ti parí òkúta sàréè rí tí ìyàwó ilé náà gbé ẹ̀gẹ́ lé e lórí kí n tó kó irinṣẹ́ mi tán. Ṣùgbọ́n omi yàtọ̀. Òkú lè wà nítòsí oúnjẹ, kò gbọdọ̀ wà nítòsí omi. Wọn kò sì rí òkúta olórí roboto tó ní ọ̀rọ̀ lára rí, bí kò ṣe lórí òkú. Èmi tí mo rì í pàápàá, bí wọ́n bá ti rí mi, sàréè ló ń wá sí wọn lọ́kàn.

Kò sí ẹni tó gbọ́ àlàyé. Àwọn obìnrin ń rìn lọ sí bọ̀họ̀lù tó wà létí títì ńlá, wọ́n ń tò síbẹ̀ títí oòrùn á fi ga. Ìyá Ológì kò lè rin ibẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀, ẹni tó ń sẹ́ ògì kò sì lè fi garawa omi kan ṣe é. Kò pẹ́ tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú kànga. Kànga dà bí ènìyàn: tí a kò bá bá a ṣe nǹkan, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Bí àwọn obìnrin kò bá padà kí omi tó bàjẹ́, wọn kò ní padà mọ́ láé, ògì ìyá yìí á sì parí síbẹ̀.

Tíṣà Àgbà ní òun mọ ohun tí òun máa ṣe. Ó ní kí wọ́n pe àwọn ènìyàn jọ. Ó fa omi níwájú wọn, ó bu ife kan, ó mu ún tán, ó tún bu òmíràn. Ó nu ẹnu.

"Ẹ rí i bí? Mo kú?"

Obìnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró dọ̀la, sà."

Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà Àgbà kò lè jáde. Inú ń run ún. Ẹ̀wà tó jẹ lálẹ́ ni, ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wá kí wọn, ó tilẹ̀ fi ìkòkò ẹ̀wà náà hàn wọ́n. Ta ló ń gbọ́? Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí ìròyìn fi dé Fìdítì pé òkú kànga ti mú Tíṣà.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo lọ jókòó sí ìdí kànga láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń wo iṣẹ́ mi bí ọ̀gá mi ti kọ́ mi. Ìyá Ológì jáde wá pẹ̀lú garawa rẹ̀. Òun nìkan. Ó fa omi kún garawa, ó sì dúró tì í. Mo rò pé ó ń sinmi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìgbà náà ni mo rí i. Bí obìnrin bá fa omi, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá a gbé e rù. Kò sí ẹlẹgbẹ́ mọ́. Ó wo òkúta mi, ó fi ọwọ́ kan orí rẹ̀ tó rí roboto, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀.

Ó ní, "Gíga lásán. Kò tilẹ̀ ṣeé gbé igbá lé."

Mo dìde, mo gbé garawa náà rù ú. Ó wúwo. Ó ní, "O ṣeun. Ọ̀la ńkọ́?"

Mo gba ilé Tíṣà Àgbà lọ tààrà. Ó ti gbádùn, ó wà nínú àga lójúde.

"Sà, ẹ jẹ́ kí n hú òkúta yẹn."

"Kí o hú kí ni? Lẹ́yìn tí ìlú ti pàtẹ́wọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n hú u lójú gbogbo ayé, kí wọ́n rí abẹ́ rẹ̀. Kí n wá tún un mọ, kó jẹ́ ibi tí wọ́n á ti máa gbé omi rù."

"Bàbá Ayọ̀, òkúta ìrántí kì í ṣe pẹpẹ garawa. Òòró ló ń dúró. Níbi gbogbo lágbàáyé, òòró ló ń dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwa ń mu ún. A ò mu ún mọ́."

Ó ní, "Orí ẹ̀ ńkọ́? Ìkòkò yẹn?"

"Màá gé orí ẹ̀."

"Ọwọ́ ara ẹ?"

"Ọwọ́ ara mi, sà."

Ó mi orí. "Kò burú. Ṣùgbọ́n mi ò ní mu omi kankan lọ́tẹ̀ yìí o."

Ní ọjọ́ tí mo lọ hú u, bí mo bá sọ pé sàréè ọba ni mo fẹ́ gbẹ́, èrò kò lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gun orí ògiri, wọ́n dúró sí ẹnu fèrèsé. Àwọn tó ní àwọn kò ní sún mọ́ ọn ló wà níwájú. Bí mo ṣe sọ ọkọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀, ìyá kan di imú. Mo tú sìmẹ́ǹtì ìdí rẹ̀, mo gbé òkúta náà sílẹ̀, mo sì ń walẹ̀ lọ. Kò jìn tí irin fi dún lórí àpáta. Mo fi ìgbálẹ̀ gbá ojú ihò náà mọ́ títí àpáta fi hàn, pẹlẹbẹ, kò ní ihò kankan. Àpáta tí wọ́n gbẹ́ kànga wọ̀ náà ni.

Ìyá Ológì tẹ̀ síwájú, ó wo inú rẹ̀, ó yíjú sí wọn.

"Ẹ wá wò ó! Ẹ̀yin ọlọ́fófó, ẹ wá fojú ara yín wò ó! Òkú wo ló fẹ́ gba àpáta yìí wọlé?"

Ẹnìkan ní bóyá òkú tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ẹ̀rín bú. Ìyá tó di imú tú u sílẹ̀.

Mo mú irin àti òòlù, mo gé orí òkúta náà níwájú wọn. N kò ní purọ́, ó dùn mí. Èérún ìkòkò náà ń ta sí mi lójú. Ìyá Ológì wò mí. Ó bu omi fún mi láti inú kànga, mo sì mu ún níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. N kò rò ó rárá. Ìgbà tí mo gbé ife sílẹ̀ ni mo rí i pé gbogbo wọn ń wò mí.

Mo mọ búlọ́ọ̀kù, mo fi òkúta náà ṣe ojú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà. Mo wá bi wọ́n pé báwo ni kó ṣe ga tó. Mo ti ṣe òkúta sàréè fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sí èyí tó bá mi jiyàn nínú wọn rí. Àwọn yìí jiyàn. Àwọn tó ga ní kó dé àyà, àwọn kúkúrú ní ṣé àwọn fẹ́ fò ni. Obìnrin kan fà mí lápá, ó ní kí n wo ọrùn òun dáadáa kí n tó da sìmẹ́ǹtì. Níkẹyìn mo ṣe é ní ìpele méjì, ọ̀kan fún àwọn tó ga, ọ̀kan fún àwọn kúkúrú. Mo da sìmẹ́ǹtì lé e lórí, mo fi irin ṣá a kí garawa má baà yọ̀.

Kí ó tó gan dáadáa ni wọ́n ti ń dúró dè é. Ìyàwó kékeré tó bèèrè omi wo ló kọ́kọ́ gbé garawa lé e. Ìyá Ológì ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé rẹ̀.

Ó ké sí i pé, "Omi wo nìyẹn?"

"Omi yín ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ògì sílẹ̀ fún mi lọ́la."

"Ẹ̀yìn ni wàá tò sí."

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pè mí pé kí n wá sàmì sí ibì kan, n kì í kọ́kọ́ mú tépù jáde. Mo máa ń jókòó síbẹ̀ ní àárọ̀ kan, mo ń wo ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe níbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń jókòó, mo ń ṣe ìjókòó. Ní Fìdítì, níbi tí àwọn tó ń ru ọ̀pẹ òyìnbó láti oko ti máa ń sọ ẹrù, mo ṣe pẹpẹ gígùn kan. Tíṣà Àgbà ń mú àlejò kiri láti wò wọ́n. Ó ti ń sọ fún wọn báyìí pé ìlú mìíràn ń to òkúta ní òòró, àwa kì í tò ó bẹ́ẹ̀. N kì í dá sí i.

Mo gba ìdí kànga náà kọjá nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí. Ọ̀sán ni, àwọn obìnrin ti lọ, Ìyá Ológì nìkan ló kù. Mo yára láti lọ bá a gbé omi rù. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti gbé garawa kékeré kan sí ìpele ìsàlẹ̀, ó sinmi, ó gbé e bọ́ sí ti òkè. Ó ká òṣùká, ó tẹ̀ba díẹ̀, ó ti orí bọ abẹ́ rẹ̀, ó sì nà ró. Omi kò dà. Ó rí mi bí mo ṣe na ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, "Kí lo fẹ́ gbé?"

Ó sì kọjá lọ sílé.